Ayò Ọlọ́pọ́n Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára

Ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn ta ayò kì í ṣe ohun tuntun mọ́ láàárín wa. Ẹni tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè tẹ̀ ẹ́, kí ojúlé méjìlá yọ sí i lójú, kí ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin wà nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì di ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó fún àwọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Kò sí ẹni tí ń pariwo mọ́ wọn létí, kò sì sí ẹni tí yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọwọ́ wọn bá ṣì. Àwọn mìíràn ń fẹ́ kí a tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀, kí ayò bọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára pátápátá, kí ẹni tí ó wà ní Aké lè máa bá ẹni tí ó wà ní London ta á. Ìsọ̀rí kẹta ni ti àwọn àgbà tí wọ́n ní kí a fi ayò sílẹ̀ sí abẹ́ igi tí a ti bá a. Mo ti jókòó láàárín ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí wọ́n ń jiyàn, ní Abẹ́òkúta tí a bí mi sí àti ní yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Iyàn náà máa ń le ju bí àlejò ṣe lè rò lọ, nítorí pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ayò nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀rọ̀ agbo ilé rẹ̀ ni ó ń sọ.

Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí ayò bọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ayé ti lajú ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ nítorí pé nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn ènìyàn ń gbà ta ayò lónìí, èyí tí ènìyàn kan ṣoṣo ń bá ẹ̀rọ ta ni ó jìnnà sí àṣà wa jù lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ayò ṣe rí. Ọpọ́n ayò ní ojúlé méjìlá, mẹ́fà níwájú ọ̀tayò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọmọ ayò jẹ́ 48. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni, ó le bí òkúta, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti eérú. Ẹni tí ó fẹ́ ta yóò kó gbogbo ọmọ inú ojúlé kan níwájú ara rẹ̀, yóò sì máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àwọn ojúlé tí ó tẹ̀ lé e, láti òsì lọ sí ọ̀tún, títí yóò fi kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ojúlé ẹnìkejì, tí ó sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ó borí. A kò sì gbọdọ̀ fi ebi pa ẹnìkejì: bí kò bá ní ọmọ kankan níwájú mọ́, tí ó sì ṣeé ṣe fún wa láti ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí a ta á. Ẹni tí à ń bá jà ni à ń bọ́ yẹn.

Àwọn òfin wọ̀nyí kò ṣòro. Ọmọdé tí ó bá fọkàn sí i lè mọ̀ wọ́n láàárín ọjọ́ kan. Ibi tí ayò ti ṣòro ni odù. Odù ni ojúlé tí ọ̀tayò ń kó ọmọ jọ sí láìta á, títí tí wọn yóò fi pọ̀ tó èyí tí ó lè yí ọpọ́n ká kí ó sì tún kọjá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní odù gbọ́dọ̀ mọ iye ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí èyí tí ó kẹ́yìn yóò balẹ̀ sí. Ẹnìkejì rẹ̀ náà ń fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó lè bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ayò ti gun orí ara wọn, ojú kò rí ti ìsàlẹ̀. Àfi ẹni tí ó ti ń kà á lọ́kàn bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó mọ èyí ṣe ni à ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ọ̀pẹ.

Ọ̀ta àti ọ̀pẹ nìkan kọ́ ni ó sì wà nídìí ayò. Àwọn òǹwòran wà níbẹ̀, mélòó kan lórí ìjókòó, mélòó kan lórí ìdúró. Wọn kì í fọwọ́ kan ọmọ ayò, àmọ́ ẹnu wọn kì í dákẹ́. Wọn a yin ọ̀ta, wọn a bú ọ̀pẹ, wọn a pa òwe, wọn a dá orin, wọn a sì sọ fún ẹni tí wọ́n ń jẹ pé ilé rẹ̀ ń jó. Ní agbo ilé tí mo gbé dàgbà, ìdí ayò nìkan ni mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó pe ẹni tí ó tó bàbá bí i ní ọ̀pẹ ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí. Ẹ kíyè sí bí ó ṣe ń sọ ọ́: “Bàbá, ẹ ti di ọ̀pẹ lónìí o!” Èébú ni, ṣùgbọ́n “ẹ” ọ̀wọ̀ kò kúrò nínú rẹ̀. Bàbá náà á fèsì pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ta tìrẹ ká wò ó,” eré á sì máa lọ. Àyè kékeré kan nìyẹn tí àwùjọ wa là sílẹ̀, níbi tí ọgbọ́n orí ti lè borí ọjọ́ orí fún ìwọ̀nba àkókò, láìjẹ́ pé ọ̀wọ̀ wó lulẹ̀. Ìwé tí A. O. Ọdẹ́lẹ́yẹ̀ ṣe lórí ayò ní 1977 jẹ́ kí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá mọ bí a ṣe ń ta á. Ṣùgbọ́n ariwo ìdí ọpọ́n kò ṣeé kó sínú ìwé tán.

Àwọn tí wọ́n ní kí ayò má kúrò lábẹ́ igi gbàgbé bí ó ti rìn jìnnà tó. Àwọn ará Ghana ń ta á, oware ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Côte d'Ivoire ń pe tiwọn ní awalé. Ní ìgbà òwò ẹrú, ó bá àwọn tí wọ́n kó lọ sí òkè òkun sọdá. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù, ṣùgbọ́n ta ni ó lè gba ayò lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n? Ó wà ní Antigua àti ní Barbados títí di òní, warri ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Mind Sports Olympiad ní London ní 1997, tí wọ́n sì fi oware sí i, kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Antigua fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò kìíní léraléra. Ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n wá ń ta á fún gbogbo ayé rí.

Ní ti àwa Ẹ̀gbá, ìlú asásálà ni ìlú wa. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ilé wọn àtijọ́ ti di ahoro. N kò sọ pé wọ́n gbé ọpọ́n ayò wá o. Ẹni tí ogun ń lé kì í ronú ọpọ́n. Ṣùgbọ́n ayò kò fi dandan nílò ọpọ́n. Ihò méjìlá nínú ilẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tó fún un, bí àwa náà ti ṣe ní kékeré lẹ́yìn ilé ìwé. Igi tí a gbẹ́ kọ́ ni ayò. Bí ó bá jẹ́ igi tí a gbẹ́ ni, kì bá ti dé Antigua.

Nítorí náà, ibi tí a ti ń ta á kì í ṣe ìṣòro. Ẹni tí a ń bá ta á ni ìṣòro. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ti ń mú kọ̀ǹpútà tí ń ta irú ayò yìí, tí wọ́n ń pè ní awari, wá sí ìdíje Computer Olympiad. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam fi kọ̀ǹpútà alágbára kan tí ó ní ọpọlọ 144 ṣe ìṣirò gbogbo ipò tí àwọn ọmọ ayò lè wà lórí ọpọ́n. Àwọn ipò náà jẹ́ 889,063,398,406. Wákàtí 51 ni iṣẹ́ náà gbà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjì bá ta á láìṣi ọwọ́ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà gidigidi. Àwọn kan kà á sí òpin ayò. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ènìyàn tí ó lè gbé bílíọ̀nù 889 sínú orí.

Ẹ wá wo ẹni tí ń bá ẹ̀rọ ta ayò. Ẹ̀rọ tí ó bá ní ìṣirò yẹn nínú kò lè pàdánù láé, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ bá a ta á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń ṣe ayò orí fóònù fi ìpele sí i: èyí tí ó rọrùn, èyí tí ó le díẹ̀, èyí tí ó le gan-an. Ẹni tí ń ta á ni yóò yan bí òun ṣe fẹ́ kí ẹ̀rọ gọ̀ tó. Irú ọ̀ta wo nìyẹn, tí a lè pàṣẹ fún pé kí ó di ọ̀pẹ? Bí a bá sì borí rẹ̀, ta ni a borí? Kò sí ẹni tí ojú tì, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀tayò ayé àtijọ́ náà máa ń dá jókòó ti ọpọ́n nígbà mìíràn láti dán odù wò. Ìgbáradì ni wọ́n fi ń ṣe, ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ ẹni tí wọn yóò bá pàdé ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó sọ ìgbáradì di gbogbo eré náà.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí ayò bá bọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára, ilé ni ó ń padà sí. Ó kéré tán, ènìyàn ni yóò wà ní òdìkejì. Ọmọ Ẹ̀gbá pọ̀ ní London, ó pọ̀ ní Houston, ó pọ̀ ní Tòrọ́ńtò. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tíì fojú kan ọpọ́n ayò láti ogún ọdún. Àwọn bàbá wọn sì wà nílé tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn ta á. Àwọn tí ń bẹ̀rù pé èyí yóò sọ abẹ́ igi di ahoro yẹ kí wọ́n rìn yí ìlú ká. Abẹ́ igi ti ń dá kí fóònù tó dé. Ògiri gíga tí a fi yí ilé ká, tẹlifíṣọ̀n, iṣẹ́ tí ń mú ènìyàn jáde láàárọ̀ kùtù tí kò jẹ́ kí ó wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó àwọn òǹwòran lọ. Ó ṣì kù àwọn tí kò fi í sílẹ̀. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, ta ayò nígbà tí ó wà nípò ààrẹ, ó sì ń ta á lẹ́yìn tí ó kúrò níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fara mọ́ òṣèlú rẹ̀, kò lè sọ pé kò fẹ́ràn ayò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 tí Ìpínlẹ̀ Ògùn gba àlejò Àjọ̀dún Eré Ìdárayá ti orílẹ̀-èdè wa, ayò wà lára àwọn eré ìbílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ fi díje.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀. Ta ni yóò kọ òfin rẹ̀? Mo fẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀ nínú ìtàn ìlú wa, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹnu akéde ni ìròyìn ti ń jáde. Ìwé Ìròhìn kò pa akéde lẹ́nu mọ́. Ìwé ìròyìn náà ni ó kọ́kọ́ kú, nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867 tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìwé títẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò dúró. Ní 1875 àwọn àgbà ìjọ pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì wà níwájú wọn. Nígbà tí Bíbélì odindi parí ní 1884, Yorùbá tí a mọ̀ sí ti ìwé ti fìdí múlẹ̀. Èdè Ọ̀yọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ohùn Ẹ̀gbá sì wà nínú rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, nítorí pé Abẹ́òkúta ni àwọn oníwàásù fi ṣe ibùdó.

Èrè tí a jẹ níbẹ̀ pọ̀. Èmi tí mo ń fi Yorùbá ìwé jẹun kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára. Síbẹ̀ àwọn tí kò sí nínú ìpàdé náà ni ohùn wọn di ẹ̀ka èdè, tí olùkọ́ fi ń fa ìlà pupa sí ìwé ọmọ wọn. Kì í ṣe ìkà ni ó fà á. Ohun tí a bá fẹ́ kí gbogbo ènìyàn lò pọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlànà kan, ẹni tí ó bá sì wà níbẹ̀ nígbà tí a ń kọ ìlànà náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọlé.

Ayò ti dé irú ìkóríta yẹn, àwa kò sì sí níbẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìtòkò bá wá ayò lórí fóònù rẹ̀ lónìí, mancala ni orúkọ tí yóò rí jù. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni Kalah, eré tí William Julius Champion, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1940. Ọpọ́n tirẹ̀ ní ilé ìṣúra kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn a máa fi ọmọ sínú ilé ìṣúra tirẹ̀ bí ó ti ń ta lọ, bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá sì bọ́ síbẹ̀, yóò tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Eré dáadáa ni, kì í ṣe ayò. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ta á mọ́ mi lójú nínú ọ́fíìsì, ó ní ayò tí bàbá òun àgbà ń ta ni. N kò bá a jiyàn. Ọpọ́n gidi ni mo gbé síwájú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé tí èmi yóò máa kó tèmi sí dà?”

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ayò gan-an ni wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ, ohun mìíràn tún wà. Bí ẹnì kan bá lè jẹ gbogbo ọmọ tí ó wà níwájú ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ni a ó ṣe? Ibì kan gbà á láyè, ibì kan ní kí ó ta á ṣùgbọ́n kí ó má jẹ ohunkóhun, ibì kan kò jẹ́ kí ó ta á rárá. Lábẹ́ igi, àwọn òǹwòran ni wọ́n ń dá ẹjọ́ yìí, gẹ́gẹ́ bí àṣà àdúgbò wọn. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ẹjọ́. Ohun tí ẹni tí ó ṣe é bá kọ sínú rẹ̀ ni ó mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ti odù. Ọ̀pọ̀ ayò orí fóònù ni ó máa ń kọ iye ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ojúlé kọ̀ọ̀kan: 3, 7, 15. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, kí ojú má baà dun ẹni tí ń ta á. Ṣùgbọ́n odù tí a kọ iye rẹ̀ sí lára kì í ṣe odù mọ́. Ìyàtọ̀ ọ̀ta àti ọ̀pẹ ni wọ́n fi nọ́ńbà kékeré yẹn pa rẹ́.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ayò lọ sórí ẹ̀rọ ayélujára lè pa nọ́ńbà yẹn rẹ́. Kí àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ ta á yan òfin ìlú tí wọn yóò lò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀gbá ni o, Ìjẹ̀bú ni o. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n jẹ́ kí ohùn gba ibẹ̀ kọjá, kí wọ́n sì la àyè sílẹ̀ fún òǹwòran mẹ́wàá, ogún, tí wọn yóò máa sọ̀rọ̀ nígbà tí eré ń lọ. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ sọ fún mi pé kò sí èyí tí ó ṣòro jù nínú rẹ̀. Owó ni ó ṣòro. Ẹni tí yóò ná owó sí i yóò fẹ́ rí èrè, ọ̀nà tí ó yá jù láti rí èrè lórí eré nílẹ̀ yìí lónìí sì ni tẹ́tẹ́. Ayò tí a fi ta tẹ́tẹ́ kò ní pẹ́ di ìjà. Èmi ìbá fẹ́ kí àwọn yunifásítì wa, tí wọ́n ní ẹ̀ka èdè Yorùbá àti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lábẹ́ òrùlé kan náà, gbé iṣẹ́ yìí ṣe kí oníṣòwò tó dé ibẹ̀.

Ìbéèrè kan kù tí n kò rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé kankan. Àwọn àgbà ilé wa kì í jẹ́ kí a ta ayò lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn á ní kí a kó ọmọ ayò nílẹ̀, kí á má baà pe ẹni tí a kò rí láti wá bá wa ta á. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù ní Abẹ́òkúta, ọ̀sán gangan ni ní Houston. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn bàbá méjì tí wọ́n jọ máa ń ta ayò ní àdúgbò wa. Èkíní ní èèwọ̀ ni èèwọ̀ ń jẹ́, kí àwọn ará Amẹ́ríkà dúró de ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n sì jí ní kùtùkùtù. Èkejì ronú díẹ̀, ó yí ọmọ ayò mẹ́ta tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ po, ó ní: “Ẹni tí oòrùn bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kó máa ta á. Àwa tó wà nínú òkùnkùn, ká máa wòran.” Èkíní ní irọ́ ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn.